Afẹ́fẹ́ Inú Táyà Ńlá

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ létí odò lẹ́yìn òjò ńlá yóò rí ohun kan tí ó yẹ ní ríronú lé. Adìyẹ kò wúwo ju pẹ́pẹ́yẹ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà pẹ́pẹ́yẹ ni ó tilẹ̀ wúwo jù. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá ń kọjá lórí ẹrẹ̀ rírọ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ a máa rì wọlé, a sì máa fi ìnira fà á yọ, nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ yóò máa mi ìdí lọ bí ẹni pé orí ẹní ni ó ń rìn. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ yìí wá kò ju awọ tí ó so àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ lọ. Awọ náà mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó sì pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi kan tí ẹrù náà ti pọ̀ ju ohun tí ẹrẹ̀ lè gbà lọ. Bákan náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, tí ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí iyanrìn aṣálẹ̀ bí ó bá ti gbé e lé ilẹ̀.

Ọkọ̀ tí yóò gba orí iyanrìn, ẹrẹ̀ tàbí yìnyín kọjá ní láti ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọkọ̀ kan fi wà tí táyà wọn ga tó àyà ọmọdé, tí ó sì fẹ̀ ju ti ọkọ̀ yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títóbi táyà náà nìkan ni ó ń gba ọkọ̀ là nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Táyà ńlá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ títí tí ó fi le bí òkúta kò sàn púpọ̀ ju ẹsẹ̀ adìyẹ lọ. Ẹni tí ó bá sì ra táyà ńlá tí kò mọ iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, apá kan nínú owó rẹ̀ ti ṣòfò kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á fún un.

Kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ní ọdún 1845. Àwọn ènìyàn ìgbà náà kò kà á sí, ó sì di ọdún 1888 kí John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, tó gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí ó ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, iṣẹ́ rọ́bà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ akèrègbè fún ẹmu: ó ń di ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mú ni.

Bí a ti ń wọn aṣọ ni a ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí a bá sọ pé táyà kan ní pọ́n-ùn 30, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé lórí gbogbo ibi tí ó gùn ní ìnṣì kan tí ó sì fẹ̀ ní ìnṣì kan nínú táyà náà, afẹ́fẹ́ ń fi agbára tí ó tó ìwúwo pọ́n-ùn 30 tì í. Láti ibi yìí, ìṣirò kékeré kan yóò fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà hàn. Kí a gbà pé ọkọ̀ kan àti ẹrù inú rẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn 4,800, tí ìwúwo náà sì pín dọ́gba sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyà kọ̀ọ̀kan ń ru pọ́n-ùn 1,200. Bí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ 40, ibi tí táyà yóò fi kan ilẹ̀ yóò tó ìnṣì onígun mẹ́rin 30, nítorí pé 40 ní ọ̀nà 30 ni 1,200. Bí a bá jò ó títí tí ó fi ku 20, ibi tí ó kan ilẹ̀ yóò di 60. Bí ó bá ku 15, yóò di 80. Ìṣirò yìí kò pé pérépéré, nítorí pé ìhà táyà le, òun náà a sì máa ru díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ó súnmọ́ òtítọ́ tó láti fi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ojú kì í tètè rí. Bí a bá jò afẹ́fẹ́, táyà kì í fẹ̀ púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Gígùn ni ó máa ń gùn sí iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹsẹ̀ katapílà. Gígùn yìí ni ó ṣe ọkọ̀ láǹfààní jù. Táyà líle nínú iyanrìn a máa gbẹ́ kòtò níwájú ara rẹ̀, a sì máa fi gbogbo ìrìn rẹ̀ gun òkè kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Táyà tí ó rọ̀ kì í gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ní òkè tí yóò gùn.

Ibi tí táyà ńlá ti wúlò nìyí. Nítorí pé ìhà rẹ̀ ga, ó lè tẹ̀ púpọ̀ kí irin ríìmù tó kan ilẹ̀. Nítorí pé inú rẹ̀ gbòòrò, ó lè fi agbára afẹ́fẹ́ tí ó kéré ru ẹrù tí táyà kékeré fi agbára púpọ̀ rù. Ẹni tí ó bá bọ́ táyà kékeré kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, tí ó sì fi ńlá rọ́pò rẹ̀, kò gbọdọ̀ rò pé iye tí ó ń fẹ́ sínú ti àná ni yóò fẹ́ sínú ti òní.

Iye wo wá ni ó tọ́? Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí a kọ sí ìhà táyà náà, wọn a sì sọ fún ẹni tí ń fẹ́ táyà létí ọ̀nà pé iye tí wọ́n rí níbẹ̀ ni kí ó fẹ́. Àṣìṣe ni èyí. Ohun tí a kọ sí ìhà táyà ni òpin agbára afẹ́fẹ́ tí táyà náà lè gbà, tàbí èyí tí ó nílò bí ó bá ń ru gbogbo ẹrù tí ó lè rù. Ó dà bí àkọlé ara afárá tí ó sọ ìwúwo tí afárá náà lè gbà; kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ wá òkúta kún ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó kọjá. Àwọn mìíràn a wo àkọlé tí ó wà létí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èyí sàn jù, nítorí pé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n táyà tí ó bá ọkọ̀ wá ni ó kọ ọ́ fún. Bí táyà bá ti yí padà, àkọlé náà kò sọ gbogbo òtítọ́ mọ́.

Ohun tí ó dára jù ni kí a wọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù tí yóò máa gbé, kí a wọn iwájú lọ́tọ̀ àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí a sì wo ìwé tí àwọn tí ń ṣe táyà tẹ̀ jáde, èyí tí ó fi agbára afẹ́fẹ́ tí ó bá ẹrù kọ̀ọ̀kan mu hàn. Ọkọ̀ tí ó kó omi, epo àti àgọ́ sẹ́yìn kò lè ní agbára afẹ́fẹ́ kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Ó yẹ kí a ṣọ́ra ní ọ̀nà kan pàápàá: àwọn táyà kan wà tí a ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù, tí inú wọn nípọn tí ó sì le. Bí irú rẹ̀ bá tóbi bákan náà pẹ̀lú táyà ọkọ̀ kékeré, òun ni yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù láti ru ẹrù kan náà. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó, tí ó ní, “Táyà yìí le, ẹ jẹ́ kí n dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù,” lè ṣi iṣẹ́ ṣe.

Bí ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́, ọ̀nà méjì wà tí àwọn awakọ̀ fi ń wádìí rẹ̀ lórí títì ọlọ́dà. Ọ̀kan ni ti ṣọ́ọ̀kì. A ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tí ó nípọn la ojú táyà kọjá láti etí kan dé èkejì, a ó sì wa ọkọ̀ náà lọ tààrà níwọ̀nba lórí ibi tí ó tẹ́jú. Bí ṣọ́ọ̀kì bá parẹ́ láàárín tí ó sì kù létí méjèèjì, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, táyà ti yọ ikùn. Bí ó bá parẹ́ létí méjèèjì tí ó sì kù láàárín, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí ó bá parẹ́ dọ́gba, ó ti súnmọ́ ohun tí ó tọ́. Ọ̀nà kejì ni ti ooru, tí àwọn awakọ̀ Ọsirélíà fẹ́ràn púpọ̀. Ní òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, a ó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìrìn nǹkan bí wákàtí kan, a ó tún wọ̀n ọ́n. Bí agbára afẹ́fẹ́ bá fi nǹkan bíi 4 sí 6 lé, ó dára. Bí ó bá lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, táyà náà ń tẹ̀ jù, ó ń gbóná jù, afẹ́fẹ́ tí ó bá kúrò nílé kò tó. Bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé rárá, ó ti le jù. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé táyà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ti títì ọlọ́dà nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ọ̀ràn yí padà pátápátá, kò sì sí ibi tí èyí ti hàn kedere bí inú aṣálẹ̀.

Ralph Bagnold, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, wà ní Íjíbítì ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1926. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àkókò ìsinmi wọn ṣe eré ìdárayá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ń fi ọkọ̀ Ford wọ inú aṣálẹ̀ Líbíà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Òkun Iyanrìn Ńlá, láàárín Íjíbítì àti Líbíà, níbi tí òkìtì iyanrìn ti tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbì omi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé kò sí ọkọ̀ tí ó lè débẹ̀. Bagnold débẹ̀. Ní ọdún 1932, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Wọn kò ní ọkọ̀ àràmàǹdà kankan. Wọ́n kó irin gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà bí ọkọ̀ bá rì. Wọ́n kọ́ láti fi eré gun òkìtì iyanrìn dípò kí wọ́n máa rá gun ún. Wọ́n sì ń jò afẹ́fẹ́ táyà wọn bí iyanrìn bá rọ̀. Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a ní kí Bagnold kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ tí yóò máa rìn jìnnà nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó jọ jẹ́ ọmọ New Zealand. Ọ̀nà tí ó ti fi ìsinmi rẹ̀ kọ́ ni ó fi kọ́ wọn, ẹ̀mí wọn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá rì síbi tí omi kò sí ní ọgọ́rùn-ún máìlì kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín.

Lónìí, awakọ̀ tí ó bá dé etí iyanrìn rírọ̀ a máa dúró, a sì jò táyà ńlá rẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi 15 sí 18. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń rì, kò gbọdọ̀ tẹ epo mọ́lẹ̀ kí táyà máa yí lójú kan. Kòtò ni ìyẹn ń gbẹ́. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọwọ́ wa iyanrìn kúrò níwájú táyà, kí ó sì tún jò ó dé 12 tàbí 10. Ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ti ètè táyà mọ́ ara ríìmù. Bí ó bá kéré jù, tí awakọ̀ sì yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, táyà lè bọ́ kúrò lára ríìmù ní àárín iyanrìn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jò táyà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi gbọdọ̀ sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí kò sì gbọdọ̀ yà ní yíyà òjijì.

Ní ilẹ̀ olókúta, díẹ̀ ni à ń jò: kí táyà lè tẹ̀ yí òkúta ká dípò kí òkúta gún un, ṣùgbọ́n kí ó má rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta yóò fi tẹ ìhà rẹ̀ mọ́ irin ríìmù tí yóò sì gé e. Ti ẹrẹ̀ ni kò ní òfin kan. Ní ọ̀nà ilẹ̀ pupa ti ilẹ̀ Yorùbá nígbà òjò, ilẹ̀ líle sábà máa ń wà lábẹ́ ẹrẹ̀. Táyà tí ó bá la ẹrẹ̀ náà kọjá tí ó sì kan ilẹ̀ líle yóò rí ibi dì mú, jíjò púpọ̀ kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ àbàtà tí kò ní ìsàlẹ̀ ni, ọ̀ràn pẹ́pẹ́yẹ ni a tún padà sí.

Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé òpin rẹ̀ ni àwọn ará Iceland. Erékùṣù wọn wà ní àríwá jíjìnnà, òkè yìnyín sì bo apá kan rẹ̀. Vatnajökull ni èyí tí ó tóbi jù nínú wọn. Láti rìn lórí rẹ̀, wọ́n gé ara ọkọ̀ wọn kí táyà tí ó ga ní ìnṣì 38 tàbí 44 lè wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń jò afẹ́fẹ́ rẹ̀ dé 3 tàbí 2. Ẹni tí ó bá padà sí ìṣirò àkọ́kọ́ yóò ní ó yà òun lẹ́nu: pọ́n-ùn 1,200 lórí agbára 3 ń fẹ́ ìnṣì onígun mẹ́rin 400! Ìhà táyà ni ó gba apá kan nínú ẹrù náà, síbẹ̀ táyà a máa tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti bẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè ké sí awakọ̀ pé táyà rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò máa fò lórí yìnyín tí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò rì sí dé orúnkún. Níbi tí agbára afẹ́fẹ́ kéré tó báyìí, géèjì lásán kò wúlò mọ́. Nígbà tí táyà bá wà ní 30, àṣìṣe ẹyọ pọ́n-ùn kan kò tó nǹkan. Nígbà tí ó bá wà ní 3, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni. Géèjì tí a ṣe láti ka 100 kò lè fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 2 àti 3 hàn dáadáa, nítorí náà èyí tí a ṣe fún ìwọ̀n kékeré ni ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí jíjò ti rọrùn tó ni fífẹ́ padà ṣòro tó. Afẹ́fẹ́ ń jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré a máa pẹ́ lórí táyà ńlá kan kí ó tó kún, mẹ́rin sì ni wọ́n. Àwọn Amẹ́ríkà rí ìṣòro yìí nígbà tí wọ́n ń ṣe DUKW, ọkọ̀ tí ń wẹ̀ nínú omi tí ó sì ń rìn lórí ilẹ̀, ní ọdún 1942. Ọkọ̀ náà ní láti gun etí òkun, kí ó sì bọ́ sí ọ̀nà gidi láìdúró lójú ìbọn. Wọ́n wá ṣe é kí awakọ̀ lè máa jò táyà kí ó sì máa fẹ́ ẹ láti orí àga rẹ̀. A lò ó nígbà tí a wọ Sísílì ní ọdún 1943, a sì tún lò ó ní Normandy ní ọdún 1944.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ilé ti súnmọ́, títì ọlọ́dà ti hàn níwájú, wọ́n sì ń rò pé díẹ̀ ni ó kù. Táyà tí ó rọ̀ lórí iyanrìn kì í ṣe ìbàjẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ń rọra lọ; ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, bí ó ti ń yí ni ó ń tẹ̀, tí ó sì ń nà padà, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ó bá ń tẹ̀ tí ó ń nà bẹ́ẹ̀ yóò gbóná, bí wáyà tí ọmọdé ń fi ọwọ́ tẹ̀ síwá sẹ́yìn kí ó lè dá. Ooru náà a máa tú rọ́bà kúrò lára okùn inú rẹ̀ títí ojú táyà yóò fi ya kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí táyà tí ojú rẹ̀ ya lórí eré, àwọn aṣòfin sì ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Láti inú òfin náà ni ó ti wá pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun níbẹ̀, láti ọdún 2007, ní iná kékeré kan níwájú awakọ̀, tí yóò tàn bí afẹ́fẹ́ táyà bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ohun tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ kọ: bí ó bá kọ 32, iná a tàn ní 24.

Ọkọ̀ tí a fi táyà ńlá sí, tí a sì ti jò wọlé sínú iyanrìn láti àárọ̀, iná yìí ti ń tàn lára rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí yóò fi padà dé orí ọ̀dà ní ìrọ̀lẹ́, ojú awakọ̀ ti mọ́ ọn lára, kò sì rí i mọ́. Géèjì tí ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó kù tí ó lè sọ fún un bóyá 15 ni ó ṣì wà tàbí 30, bí ó bá lè sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un.